Ṣé O Mọ̀? Ọ̀rọ̀ Kan Péré Ló Ń Sọ App Di Ọ̀gá Nínú Kọ̀ǹpútà

O ti rí i rí, àbí? O tẹ app kan lẹ́ẹ̀mejì lórí Windows, ojú kọ̀ǹpútà ṣú, àpótí kan yọ sáàárín, ó ní ṣé kí app yìí máa fọwọ́ kan nǹkan nínú kọ̀ǹpútà rẹ. O tẹ Yes, o bá tìrẹ lọ. Má tíì lọ! Sún mọ́ ibí. Ohun tó wà nídìí àpótí yẹn á yà ọ́ lẹ́nu.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré ló ń pe àpótí náà jáde? Ọ̀kan ṣoṣo! Ẹni tó kọ app ló fi í sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni requireAdministrator. Kà á wò. Lẹ́tà 20 géérégé.

Iṣẹ́ tí lẹ́tà 20 yìí ń jẹ́ fún Windows kò lọ́jú pọ̀ rárá: bí kò bá sí àṣẹ alábòójútó, má ṣí mi. Ìyẹn nìkan. Windows ò ní bi app ní ìdí. Ìwọ ló máa kọjú sí, ìwọ ló máa bi.

O fẹ́ rí odindi ìlà náà? Òun rèé, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an:

<requestedExecutionLevel level="requireAdministrator" uiAccess="false" />

Ó tán! Ìlà kan. Kò sí ìṣirò níbẹ̀, kò sí ọgbọ́n àrà. Inú fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní manifest ló ń gbé, gbogbo agbára kọ̀ǹpútà sì rọ̀ mọ́ ọn.

Ṣé o mọ̀ pé nǹkan 3 péré ló wà níwájú ẹni tó ń kọ app láti yàn? asInvoker ní kí app lo àṣẹ tí ẹni tó ṣí i ní, kó má béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. highestAvailable ní kí wọ́n fún òun ní èyí tó ga jù lọ́wọ́ ẹni náà, iyekíye tí ì báà jẹ́. requireAdministrator ní tòun, ti alábòójútó lòun fẹ́, òun ò gba kékeré. Mẹ́ta. Kò sí ìkẹrin.

Windows fúnra rẹ̀ ń yàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí! Regedit, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tún ìdí Windows ṣe, highestAvailable ló mú. Ìyẹn ni pé ẹni tí kì í ṣe alábòójútó náà lè ṣí i. Kàn ni pé ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó ibi gíga.

Tún wo ìparí ìlà yẹn, níbi tí uiAccess wà. Ó kéré, àbí? Sọ ọ́ di true, kí o wá wo wàhálà! App náà gbọ́dọ̀ ní ìbuwọ́lù tí Windows gbà gbọ́. Ó tún gbọ́dọ̀ wà nínú fódà tí wọ́n ń ṣọ́, bíi Program Files. Àwọn app tó ń ran aláìlera lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe é fún, irú bíi kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

Ibo ni wọ́n ń fi manifest sí? Inú ikùn app gan-an! Oríṣiríṣi nǹkan ló ń gbé nínú fáìlì exe: àwòrán, àmì, ọ̀rọ̀. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ti manifest ni 24. Bí app bá jẹ́ exe, ìdámọ̀ rẹ̀ ni 1. Bí ó bá jẹ́ dll, 2 ni. Nọ́ńbà 24, ìdámọ̀ 1: àdírẹ́sì ilé ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé o lè ṣe gbogbo èyí láì kọ lẹ́tà kan? Bí o bá ń fi C# kọ app nínú Visual Studio, sọ fún un pé kó fi Application Manifest File kún iṣẹ́ rẹ. Fáìlì app.manifest á jáde. Ṣí i. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀! Wọ́n ti kọ wọ́n sílẹ̀ dè ọ́. asInvoker ló ń ṣiṣẹ́, àwọn 2 tó kù ń sinmi. Gbé ọ̀kan sípò èkejì, o parí.

C++ ńkọ́? Kò tiẹ̀ nílò fáìlì. Ojú ibì kan nínú àwọn ètò linker ni wàá ti yàn án, orúkọ rẹ̀ sì ni /MANIFESTUAC.

Python ńkọ́? PyInstaller ní kí o kàn fi --uac-admin kún àṣẹ tí o ń tẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúkurú kan báyìí, app rẹ ti di ẹni tó ń béèrè àṣẹ!

Electron ńkọ́? electron-builder lo ọ̀rọ̀ kan náà, requestedExecutionLevel. NSIS tó ń kó app sínú páálí ìfisórí-kọ̀ǹpútà lo RequestExecutionLevel. Inno Setup ló wá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀: bí o ò bá sọ nǹkan kan fún un, àṣẹ alábòójútó ló máa béèrè. Òun ò dúró kí o rán òun.

Ṣọ́ra o! Manifest kì í gba àṣìṣe. Gbàgbé láti pa àmì kan ṣoṣo dé nínú rẹ̀, app ò ní ṣí rárá. Windows á ju àṣìṣe 14001 sí ọ lójú, kò sì ní dárúkọ àmì tí o gbàgbé fún ọ níbẹ̀.

Èyí tún wà: bí o bá ti buwọ́ lu app tán, tí o wá padà lọ tún manifest inú rẹ̀ ṣe, ìbuwọ́lù ti bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́tà kan yí padà, gbogbo rẹ̀ ti dòfo. Àtúnbuwọ́lù ni!

Ó dáa. App ti ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú. Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́?

Àkọ́kọ́, Windows ti fi àmì asà kékeré kan sí igun àwòrán app náà nísàlẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó kọ app ló yà á. Windows ló yà á! Ní ayé Vista, àwọ̀ 4 ló wà lára asà yẹn. Láti Windows 7, àwọ̀ 2 ló kù: búlúù àti yẹ́lò.

Ìkejì rèé, èyí sì ni mo fẹ́ràn jù. Ṣé o mọ̀ pé ohun tó ń ṣú lójú rẹ kì í ṣe ojú kọ̀ǹpútà rẹ? Fọ́tò ni! Windows ya fọ́tò gbogbo ohun tí o ń wò, ó pa iná rẹ̀ lójú díẹ̀, ó wá gbé e sẹ́yìn àpótí ìbéèrè. Ojú kọ̀ǹpútà tìrẹ gangan ti kúrò níwájú rẹ. O ò mọ̀!

Bí ó bá ṣe ọ́ bíi kí o dán an wò, ṣí fídíò kan kó máa lọ, kí o wá ṣí app tó ní asà. Fídíò á dúró gbagidi lójú rẹ. Ohùn rẹ̀ ń lọ ní tiẹ̀. Fọ́tò lò ń wò!

Níbo wá ni o wà? Ojú ibòmíràn ni, ibi tí ẹ̀yà Windows tó ga jù nìkan ń dé. Àwọn app tí o ṣí sílẹ̀ ò lè wọ ibẹ̀. Kòkòrò tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ ò lè bá ọ tẹ Yes níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ nìkan ló tó o.

Orúkọ ẹni tó ń gbé àpótí yẹn jáde ńkọ́? consent.exe ni. Òun náà app ni! Inú fódà System32 ló ń gbé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní láyé: kó bi ọ́ léèrè.

Wo àwọ̀ àpótí náà nígbà mìíràn. Lórí Windows 10, bí ó bá jẹ́ búlúù, app ní ìbuwọ́lù tí wọ́n mọ̀. Bí ó bá jẹ́ yẹ́lò, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó kọ ọ́. Àwọ̀ nìkan ti sọ̀rọ̀ kí o tó ka lẹ́tà kan.

Bí o bá tẹ No ńkọ́? Nọ́ńbà kan ni wọ́n máa dá padà fún ẹni tó pe app: 1223. Bí app kan bá sì gbìyànjú láti ṣí èyí tó ní requireAdministrator láì gba ẹnu ọ̀nà tó yẹ? 740! Bí o bá rí àwọn tó ń kọ app tí wọ́n ń pariwo 740, o ti mọ ohun tó ṣe wọ́n.

Ẹnu ọ̀nà tó yẹ wo? Lẹ́tà 5 ni: runas. Sọ ọ́ fún ShellExecute, àpótí á jáde. Ìlẹ̀kùn kejì, CreateProcess, kò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. 740 nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ.

Má ṣe rò pé mo ti sọ tán o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ níbi tó dùn ni.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá jẹ́ alábòójútó lórí Windows, ẹni 2 ni ọ́? Bẹ́ẹ̀ ni! Ní kété tí o wọlé, Windows ṣe káàdì àṣẹ 2 fún ọ. Ọ̀kan kún fọ́fọ́. Èkejì, wọ́n ti gé lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n gé ni ò ń lò látàárọ̀. Èyí tó kún wà ní ìpamọ́, àfi bí o bá tẹ Yes.

Wọ́n tún ń fi nọ́ńbà wọn ipò app kọ̀ọ̀kan! Èyí tó rẹlẹ̀ ní 4096. Èyí tó wà láàárín ní 8192, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn app rẹ ń gbé. Èyí tó gba àṣẹ alábòójútó ní 12288. Ti Windows fúnra rẹ̀ ni 16384. Wo bí ó ṣe ń fò: 4096 ni àlàfo àárín ẹnì kan sí èkejì, láìyẹ̀.

Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún ẹni tó wà lókè. Ìyẹn ló ń bí ìyàlẹ́nu tó kàn yìí: ṣí Notepad pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, kí o wá fi máòsì wọ́ fáìlì kan láti inú fódà rẹ sínú rẹ̀. Kò ní gbà! Fáìlì tìrẹ, kọ̀ǹpútà tìrẹ, máòsì tìrẹ. Àṣẹ púpọ̀ ló dí i lọ́nà.

Ó tún kù. Ká ní o ní dráífù Z: kan tó wá láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì yín. O ń rí i dáadáa. Ṣí app tó ní requireAdministrator, kí o wá Z: nínú rẹ̀. Ó ti pòórá! Káàdì àṣẹ kejì ò mọ dráífù tí ti àkọ́kọ́ so mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí méjèèjì mọ ara wọn, ètò kan wà nínú regedit tó ń jẹ́ EnableLinkedConnections.

Èyí tó ń yani lẹ́nu jùyẹn lọ: bí ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà kì í bá ṣe alábòójútó, àpótí á béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ẹni tó jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀gá ọ́fíìsì wá, ó tẹ tirẹ̀ síbẹ̀. App ṣí. Ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀gá ló fi ń ṣiṣẹ́! Fódà Documents tó ń wò, ti ọ̀gá ni. Ìwọ lo jókòó, ọ̀gá ni app rò pé ó wà níbẹ̀.

Ọmọ ńkọ́? Bí app tó ti gba àṣẹ bá ṣí app mìíràn, ìyẹn náà gba àṣẹ. Àpótí ò ní jáde mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí: Yes kan ṣoṣo, odindi ẹbí jogún ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ nìkan lè sọ app di ẹni tó ń béèrè àṣẹ? Kọ app 32-bit kékeré kan. Má fi manifest sí i. Sọ ọ́ ní setup, tàbí install, tàbí update. Windows á ní app ìfisórí-kọ̀ǹpútà ni, ó di dandan kó gba àṣẹ! Ó lè jẹ́ pé 2 àti 2 ni app yẹn ń rò pọ̀. Orúkọ rẹ̀ ti kó bá a.

Kí ni oògùn rẹ̀? Manifest! Kọ asInvoker sínú rẹ̀, Windows á yé fi orúkọ ṣe ìdájọ́.

Tún gbọ́ ti àwọn app àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fẹ́ kọ nǹkan sínú Program Files, ibi tí wọn ò láṣẹ dé. Kí ni Windows ṣe? Ó gbà pẹ̀lú wọn! Ó ní ẹ máa kọ ọ́. Àmọ́ ó rọra gbé fáìlì náà lọ sí fódà mìíràn tó ń jẹ́ VirtualStore, lábẹ́ AppData nínú fódà tìrẹ. App lọ kà á padà, ó rí i, ó rò pé Program Files lòun wà. Títí dòní olónìí, kò mọ̀.

Ìlà kan péré ló ń fòpin sí àdéhùn yẹn. Fi èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ 3 yẹn sínú manifest app náà, VirtualStore ò sí fún un mọ́. Ó di kó dá dúró.

Àwọn kan wá yẹra fún gbogbo èyí pátápátá. Chrome lè fi ara rẹ̀ sínú AppData tìrẹ, kó má béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. VS Code náà ní ẹ̀dà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí asà, kò sí òkùnkùn, kò sí ìbéèrè. Iṣẹ́ ń lọ ní pẹrẹu.

Jẹ́ ká wo ẹ̀yìn díẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé láyé Windows XP ní 2001, ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ti di alábòójútó lójú ẹsẹ̀? App tó bá ṣí gba gbogbo àṣẹ. Kò sí ẹni tó ń bi í. Kòkòrò pàápàá gba gbogbo àṣẹ!

Vista ló wá yí i padà. 30 Oṣù Kìíní 2007 ló dé orí àtẹ fún gbogbo ayé. Àpótí ìbéèrè bá a dé, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni User Account Control. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní UAC.

Kó tó di UAC, ó ti jẹ́ LUA rí. Ṣí regedit lórí Windows òní, wá ètò tó ń pa á tàbí tó ń tan án. EnableLUA ló ń jẹ́! Wọ́n yí orúkọ ìta, wọ́n gbàgbé ti inú.

Bí o bá sọ EnableLUA di 0 lórí Windows 8, àwọn app tó wá láti Store ò ní ṣí mọ́. O pa ìbéèrè, ó pa app mọ́ ọn.

Ìbéèrè Vista pọ̀ o! Láti ṣe fódà tuntun kan kí o sì sọ ọ́ lórúkọ níbi tí wọ́n ń ṣọ́, ìbéèrè 4 ló lè jáde. Mẹ́rin, fún fódà kan! Service Pack 1 ló sọ ọ́ di 1.

Apple gbọ́, wọ́n fi ṣe ìpolówó ní 2007. Wọ́n ní kí ọkùnrin kan dúró bíi Windows, kí ẹ̀ṣọ́ tó wọ dúdú dúró tì í lẹ́yìn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ, ẹ̀ṣọ́ á bi í bóyá ó gbà tàbí kó fagi lé e. Ó kí ènìyàn, ìbéèrè. Ó dáhùn, ìbéèrè!

Èyí tó ya gbogbo ayé lẹ́nu ni ti Oṣù Kẹrin 2008. David Cross, ọ̀kan nínú àwọn tó darí iṣẹ́ UAC ní Microsoft, dúró níwájú èrò níbi àpérò RSA ní San Francisco. Ó ní torí kí ó lè máa bí àwọn ènìyàn nínú ni wọ́n ṣe ṣe é! Ó tún ní òun ò ṣeré.

Ṣé ìbínú yẹn ṣiṣẹ́? Di ara rẹ mú. Microsoft ka gbogbo app àti iṣẹ́ tó ń pe àpótí jáde. Ní Oṣù Kẹjọ 2007, 775,312 ni wọ́n. Ní Oṣù Kẹjọ 2008, 168,149 ni wọ́n! Ọdún kan péré. Ju 600,000 lọ ló dákẹ́. Inú bí àwọn tó ń lo app, àwọn tó ń kọ app gbọ́, wọ́n lọ tún kóòdù wọn ṣe.

Windows 7 dé ní 22 Oṣù Kẹwàá 2009 pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń fà sókè sódò, ipele 4. O lè yan bí ó ṣe máa yọ ọ́ lẹ́nu tó.

Kí ẹ̀dà yẹn tó jáde rárá ni Long Zheng àti Rafael Rivera ti rí ihò kan nínú rẹ̀. App kékeré kan lè ṣe bí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, kó fa nǹkan yẹn wálẹ̀ pátá, kó pa UAC. Àpótí ò ní jáde! Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009 ni wọ́n pariwo rẹ̀. Microsoft dí i.

Wọ́n dí ọ̀kan, òmíràn ń jáde. Àkójọ kan wà níta gbangba tó ń jẹ́ UACMe. Ọ̀nà tó wà nínú rẹ̀ láti fo àpótí náà kọjá ti ju 70 lọ. Àádọ́rin!

Má rò pé Windows ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ o. Ṣé o mọ̀ pé ní 1973 ni Dennis Ritchie ti kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n kan nínú Unix, tó ń jẹ́ kí app ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ni ín dípò ti ẹni tó ṣí i? 16 Oṣù Kìíní 1979 ni Amẹ́ríkà fún un. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 4,135,240. Wọ́n wá yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́!

Báwo ni ọgbọ́n náà ṣe tóbi tó? Bíìtì 1! Lẹ́tà s kan báyìí ló fi ń hàn nígbà tí o bá wo fáìlì náà lójú terminal. Bíìtì kan ṣoṣo ló ń ya ọ̀gá sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ iṣẹ́.

Sudo, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ láti gba àṣẹ ọ̀gá lórí Unix, ńkọ́? Ní nǹkan bíi 1980 ni Bob Coggeshall àti Cliff Spencer ronú kàn án ní yunifásítì ìpínlẹ̀ New York tó wà ní Buffalo. Orí kọ̀ǹpútà VAX-11/750 ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí o bá lò ó, á kọ́kọ́ fún ọ ní ìmọ̀ràn 3 bí àgbàlagbà. Ètò kan tiẹ̀ wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí o bá ṣi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tẹ̀, á bú ọ! Wọ́n kàn ń pa á ni.

Windows náà wá ní sudo. Ní Oṣù Kejì 2024 ni Microsoft kéde rẹ̀. Ọdún 44 lẹ́yìn ti Buffalo!

Ohun tí wọ́n fi ń béèrè àṣẹ náà lè ya. Ní 26 Oṣù Kìíní 2021, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Qualys fi hàn pé ihò kan wà nínú sudo látọdún 2011. Nǹkan bí ọdún 10! Gbogbo ojú ló ń wò ó, kò sẹ́ni tó rí i.

O rò pé ìyẹn pọ̀? Ní 25 Oṣù Kìíní 2022, ọdún kan dín ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, Qualys yìí kan náà tún fi ìkejì hàn. Inú pkexec ló wà, èyí tí ọ̀pọ̀ Linux fi ń béèrè àṣẹ fún app. Látìgbà tí wọ́n ti kọ pkexec ní 2009 ló ti wà níbẹ̀. Ó lé ní ọdún 12!

Mac ńkọ́? Mac ò tilẹ̀ ní ìlà tó jọ requireAdministrator. Apple ti ní láti 2011 pé kí àwọn tó ń kọ app yé fi àṣẹ ọ̀gá ṣí odindi app. Apá kékeré tó nílò rẹ̀ ni kí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ní 2015, wọ́n tún gbé e ga sí i: àwọn fáìlì kan wà nínú Mac tí root, ọ̀gá pátápátá, kò lè fọwọ́ kàn!

Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí lórí Windows bí o bá bi àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Wọ́n á ní jẹ́ kí app rẹ ṣí pẹ̀lú asInvoker, kí o fi asà sára bọ́tìnnì kan ṣoṣo tó nílò àṣẹ. App tó ń béèrè gbogbo agbára nítorí iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan, ó ń kó ara rẹ̀ àti ìwọ sínú ewu. Mo fara mọ́ wọn tọkàntọkàn. Àṣẹ kékeré ló ń dáàbò bò ọ́ jù.

Ó ku ọ̀kan, èyí sì ni kí o fi ọwọ́ ara rẹ dán wò. Ṣí Command Prompt, tẹ whoami /priv, kí o sì tẹ Enter. Ka àwọn àṣẹ tó jáde. 5 ni! Wàyí o, wá Command Prompt lẹ́ẹ̀kan sí i, di Ctrl àti Shift mú, kí o tẹ Enter. Tẹ Yes. Tẹ whoami /priv kan náà. Ka wọ́n.

Wọ́n ti lé ní 20! Kọ̀ǹpútà kan náà, orúkọ kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. Yes kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, ìwọ lo sì tẹ̀ ẹ́.